Ẹ̀wà Lórí Pèpéle

Ère ìbejì kan ṣoṣo ló sọnù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn náà kún fún idẹ, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti aṣọ òkè àtijọ́. Ohun tó kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn nìyẹn. Bí èmi bá jẹ́ olè, tí mo sì ráyè wọ irú ibẹ̀, n kò ní fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ kí n wá gbé igi kékeré kan tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ, tí imú àti ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́.

Èmi ni Mofolúwakẹ́ Ògúnfúnmi, ìnísípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ní Ìkìrun. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, eékún mi méjèèjì lè jẹ́rìí sí i. Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn ni wọ́n pè mí sí yunifásítì kan tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń múra Ọ̀sẹ̀ Iṣẹ́ Ọnà sílẹ̀. Wọ́n ti lẹ ìpolówó mọ́ gbogbo ògiri: eré orí ìtàgé, orin, ewì, àti àfihàn ńlá tí wọ́n máa ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, èyí tí wọ́n pè ní "Ohun Tí Àwọn Ìyá Wa Lò". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi eré dánra wò lábẹ́ igi. Ẹnì kan ń kígbe ọ̀rọ̀ ọba, àwọn yòókù ń fi í rẹ́rìn-ín. Inú gbọ̀ngàn nìkan ni ẹ̀rín kò sí.

"Ibí yìí ló dúró sí," ni Dókítà Adébáyọ̀ wí. Òun ni olùkọ́ tó ń ṣètò àfihàn náà, ọkùnrin gíga kan tó máa ń yọ awò ojú rẹ̀ kó lè nù ún nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀. "Mo fojú mi rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a fẹ́ ti ilẹ̀kùn lálẹ́, a ò rí i mọ́."

"Ọjọ́ Ajé ló sọnù, òní Ọjọ́rú lẹ wá pè mí."

"A rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣeré ni. Àná la rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré, la bá ní kí àwọn ọmọ yín wá mú Ifátóbi. Òun ló ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Mo sún mọ́ pèpéle tí wọ́n gbé ère náà lé. Funfun ni wọ́n kùn ún. Àwọn èèrà tò láti ilẹ̀ dé igun rẹ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ibi tí wọ́n pé jọ sí. Epo pupa ni, ó ti gbẹ, èèpo ẹ̀wà kan sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Kọ́pùrà Tímótì, tó tẹ̀ lé mi wá, na ọrùn wò ó. "Màdáámù, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ifátóbi jókòó síbí, ó jẹ ẹ̀wà, ó gbé ère, ó lọ."

"Ibi tí epo bá ti kán sí, oúnjẹ ọ̀sán ni ìwọ máa ń rí níbẹ̀," ni mo wí. Inú gbọ̀ngàn náà tutù débi pé mo ká ọwọ́ mọ́ra. Ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan ń fẹ́ tààrà sórí pèpéle yẹn.

"Dókítà, ère tí wọ́n gbé wá láti ilé kì í sáà wà ní ìhòòhò. Aṣọ rẹ̀ dà?"

"Ó wọ ẹ̀wù àti ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tó dé. Èmi ni mo bọ́ wọn, mo sì ní kí wọ́n nu osùn ara rẹ̀ kúrò, kí àwọn èèyàn lè rí ọwọ́ agbẹ́gilére dáadáa. Wọ́n wà nínú ọ́fíìsì mi."

Ó lọ gbé wọn wá. Ẹ̀wù àǹkárá kékeré kan ni, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Ojú rírán náà wọ́, ó rí bí iṣẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ká ẹ̀wù náà àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú báàgì mi, mo ní ẹ̀rí ni wọ́n.

Ọkùnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀, ó lọ́ fìlà mọ́wọ́. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Olúwaṣèyítán Fátóògùn ni orúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Inísà. Òun ló gbé ère náà wá láti ilé ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àríkẹ́, ní Òkukù, ó sì ti sọ fún yunifásítì pé kí wọ́n máa mú un lọ títí láé.

"Ìyá yín fọwọ́ sí i?" ni mo bi í.

Ó wolẹ̀. "Mo sọ fún wọn pé yunifásítì kàn fẹ́ wò ó, wọ́n á dá a padà ni. Màdáámù, onígbàgbọ́ ni mí. N kò fẹ́ kó wà nínú ilé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Ara ìyá mi kò yá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó sọnù, wọ́n máa kú. Kì í ṣe àsọdùn, wọ́n máa kú ni."

"Wọn ò tíì gbọ́?"

"Rárá o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ tó ń tọ́jú wọn pè mí lórí fóònù, pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Èmi á ní ọ̀la. Àmọ́ Ọlọ́run ṣàánú mi, láti ọjọ́ Ajé yìí wọn ò béèrè mọ́. Ó jọ pé wọ́n ti ń gbàgbé."

Mo wo ojú rẹ̀ pẹ́. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, àárẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní kó máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, pé a ó wá a kàn.

*

Ifátóbi jókòó sí igun àtìmọ́lé, ó fi orí lé eékún. Ọmọ ọdún tó kẹ́yìn ni ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, èérún igi tó ń gbẹ́ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé àga fún un.

"O fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"Mo fi í sílẹ̀, mà. Wọ́n ń fi eré dánra wò níta, mo lọ wò ó. N kò ti ilẹ̀kùn."

"Ṣé o jẹ ẹ̀wà?"

Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀wà kì í bá mi lára mu, mà. Búrẹ́dì ni mo jẹ, níta ni mo sì ti jẹ ẹ́."

"Ta lo rò pé ó gbé e?"

"N kò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, mo sọ fún Dókítà pé kò dáa, pé ará ilé wa ní Òkukù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo kọ́ wọn ní ìwé àbí àwọn ló kọ́ mi." Ó wo èékánná rẹ̀. "Iṣẹ́ tèmi náà wà nínú àfihàn yẹn, mà. Àkọ́kọ́ tí mo máa gbé síta. Bàbá mi ti ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀."

Mo dìde. Tímótì ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tútù báyẹn ló máa ń ṣe nǹkan. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí gèètì.

*

Bàbá Rájí ló ń ṣọ́ gèètì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́ rẹ̀.

"Kò sí ohun tó gba ọwọ́ mi kọjá," ni ó wí. "Gbogbo báàgì ni mo tú. Àwọn ọmọ yìí kórìíra mi nítorí ẹ̀."

"Ẹni tí kò gbé báàgì ńkọ́, bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ tú lára ẹni tí kò gbé báàgì?"

"Ẹ sáà dárúkọ àwọn tẹ́ ẹ bá rántí fún mi."

Ó ronú. "Ọlọ́kadà kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àti ọmọ eré yẹn, èyí tó máa ń pọn bèbí kiri. Àbí Ayọ̀mídé ni wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀? Lọ́jọ́ náà ó ṣe é dójú àmì o. Ó ti di arúgbó pátápátá. Ó tẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun kun orí ẹ̀ funfun báláú. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ kú eré o."

"Ó dá yín lóhùn?"

"Ó ní kí n rọra, ọmọ ń sùn."

Tímótì ti mú ìwé jáde, ojú rẹ̀ ń dán. Èmi náà rò pé a ti rí ọ̀nà. Ère kékeré, bèbí eré, aṣọ ìpọnmọ kan náà. Ta ló máa wo ẹ̀yìn ọmọ eré nínú Ọ̀sẹ̀ Iṣẹ́ Ọnà?

A bá Ayọ̀mídé lábẹ́ igi. Òun ló ń ṣe ìyá arúgbó nínú eré wọn, ọmọdébìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì wú díẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé? Mi ò sí nílé ìwé, mà. Eyín ló ń dùn mí, mo lọ yọ ọ́ ní Òṣogbo. Àwọn yòókù bínú sí mi pé mo ba ìdánrawò jẹ́. Ẹ bi wọ́n."

A bi wọ́n. Òótọ́ ni. Tímótì pe ibi tó ti lọ yọ eyín lórí fóònù, òótọ́ náà ni. Ojú Tímótì rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kí Ayọ̀mídé pọn bèbí náà, kó sì fi ìrìn ìyá arúgbó gba iwájú Bàbá Rájí kọjá. Ó tẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀, ó ju ọwọ́ méjèèjì síwájú bó ti ń rìn. Bèbí náà ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀.

Bàbá Rájí mi orí. "Kì í ṣe eléyìí. Ti ọjọ́ yẹn fi ọwọ́ kan gbé ìdí ọmọ ró láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ kejì ló fi gbé abọ́ òfìfo kan. Nígbà tó dé abẹ́ máńgòrò yẹn, ó dúró níbi òjìji, ó ń mi ara jẹ́jẹ́ báyìí kó tó tún máa lọ."

"Ṣé o ti bímọ rí?" ni mo bi Ayọ̀mídé.

"Rárá, mà."

"Ó hàn," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ti pọn ọmọ lọ síbi iṣẹ́ rí. Ẹni tó ń ṣeré máa ń ṣe é fún ẹni tó ń wò ó. Abẹ́ máńgòrò yẹn, kò sí òǹwòran níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe ẹni tó ṣọ́ gèètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ògúntóyìnbó ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin kan tó ń run pákò lẹ́nu.

"Arúgbó kankan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Ìyá kan wọlé, mà. Wọ́n wé gèlè aláró, wọ́n gbé abọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn nìkan ni."

"Wọn ò pọn ọmọ?"

"Rárá o. Wọ́n ní àwọn wá kí ọmọ àwọn ni. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ wọn. Mo tiẹ̀ fi ọ̀nà hàn wọ́n."

Mo yíjú sí Bàbá Rájí. "Ẹni tó jáde lọ́sàn-án, ṣé ó wé gèlè?"

"Kò wé nǹkan kan. Orí lásán ni. Mo ṣe bí ó fẹ́ kí àwọn òǹwòran rí irun funfun yẹn ni."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n ti jọ ń ṣọ́ gèètì kan náà láti ọdún yìí wá, ọ̀kan rí ìyá tó wọlé, èkejì rí ìyá tó jáde, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà wo ni ìyá arúgbó ilẹ̀ wa máa bọ́ gèlè orí rẹ̀ kó sì máa rìn lójú títì? Àfi bí ó bá ti fi gèlè náà bo ẹlòmíràn tí òtútù ń mú.

"Ta ló wá jí i báyìí, Màdáámù?" ni Tímótì bi mí.

"Wá ṣe dírẹ́bà mi," ni mo wí. "À ń lọ sí Inísà."

*

Ibùdókọ̀ Inísà ni a ti kọ́kọ́ dúró, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìkìrun lọ sí Òkukù ti máa ń já èrò. A kò béèrè pẹ́ tí dírẹ́bà kan fi ní òun rántí. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ ní Èyítáyọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́.

"Ìyá tó pọn ọmọ? Mo gbé wọn lọ́jọ́ Ajé. Èmi tún fi wọ́n sí iwájú kí ara lè tù wọ́n. Ẹ̀rù wọn bà mí, mà, torí wọ́n ń mí sókè mí sódò. Mo ní màmá, ẹ fẹ̀yìn ti àga. Wọ́n kọ̀. Láti Ìkìrun dé Òkukù, etí àga ni wọ́n jókòó sí, ọkọ̀ ń gbé wọn síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn máa tẹ ọmọ pa."

"O rí ojú ọmọ náà?"

"Wọ́n fi gèlè bò ó. Kò sunkún rárá. Mo ní ọmọ yìí jẹ́jẹ́ o. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe láti kékeré."

Ó ti yé Tímótì. Ó yíjú sí ibòmíràn, ó ń nu ojú bí ẹni pé eruku kó sí i. Ó ti yé mi ṣáájú rẹ̀, inú mi kò sì dùn sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti máa ń yọ̀ bí mo bá rídìí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà mo fẹ́ kí n ti ṣìnà.

A lọ gbé Olúwaṣèyítán ní ilé ìwé rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

"Ẹ ti rí i?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fátóògùn, ère ìbejì ni. Ìbejì ta ni?"

Ó ń wo ìta títí a fi kúrò nínú ìlú, tí oko ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Èmi ni Táyé," ni ó wí níkẹyìn. "Kẹ́hìndé kú kí a tó máa rìn. Igbóná ló pa á. Èmi kò mọ̀ ọ́n, Màdáámù. Igi yẹn ni mo bá nílé. Bí wọ́n bá ra aṣọ fún mi, wọ́n á rán fún igi. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún mi, wọ́n á bu fún igi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo gbàgbọ́, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Igi ni."

"Àwọn ìyá yín náà mọ̀ pé igi ni."

"Kí ló wá dé tí wọn ò jẹ́ kó lọ?"

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀: èèpo ẹ̀wà lórí pèpéle, ìyá tó wọlé pẹ̀lú gèlè tó sì jáde láìní gèlè, àti dírẹ́bà. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ èyí tó kù fún mi láàárọ̀. Ẹ ní wọn kò béèrè mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Wọn kò gbàgbé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ti dé ọwọ́ wọn ni."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Òkukù.

*

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ó mọ́ tónítóní. Bọ́sẹ̀dé, ọmọ àbúrò ìyá náà tó ń tọ́jú wọn, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

"Bùọ̀dá, ó dáa bẹ́ ẹ ṣe wá," ni ó sọ fún Olúwaṣèyítán. "Ara wọn ti burú sí i. Mo lọ ta nǹkan ní Ìkìrun lọ́jọ́ Ajé, ìgbà tí mo dé, mo bá wọn lórí ibùsùn. Àtìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sùn. Wọn ò jẹ́ kí n wẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n lè mí dáadáa, wọ́n ní láéláé. Ẹ̀wà nìkan ni wọ́n ń béèrè, ẹnu kan ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀."

Mo bọ́ bàtà, èmi nìkan ni mo wọlé. Ìyá Àríkẹ́ kéré lórí ibùsùn yẹn. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n fi ìbora bo ara dé ọrùn, ẹ̀yìn wọn sì ga ju bó ti yẹ lọ. Mo kúnlẹ̀. Eékún mi ké, mo jẹ́ kó máa ké.

"Ẹ kú ìnira, mà."

"Ta nìyẹn?"

"Ọlọ́pàá ni mí, mà. Láti Ìkìrun."

Ọwọ́ wọn rọra lọ sẹ́yìn lábẹ́ ìbora.

"Ẹ ti wá gbé e."

"Rárá, mà. Mo wá wò ó bóyá ó ń sùn dáadáa ni."

Wọ́n fetí sí ohùn mi, kí wọ́n mọ̀ bóyá mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó ń sùn. Òtútù ló mú un níbẹ̀. Wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n gbé e síwájú afẹ́fẹ́. Wọ́n nu osùn ara rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo ní kí n kàn rí i kí n sì máa bọ̀ nílé. Bí mo ṣe rí i, n kò lè fi í sílẹ̀. Ìwọ lè fi tìẹ sílẹ̀?"

"N kò lè fi í sílẹ̀, mà."

Mo mú ẹ̀wù kékeré náà jáde nínú báàgì mi pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, mo tẹ́ wọn síwájú ìyá náà. Wọ́n fi ìka tọ́ ojú rírán náà, láti ọrùn títí dé etí ẹ̀wù.

"Màmá," ni mo wí, "ọmọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé wa. Òun ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní òun ló jí i."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ará Òkukù níbí ni. Ifátóbi."

"Àwọn òbí rẹ̀ á ti máa wọ̀nà," ni wọ́n wí. "Lọ tú u sílẹ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ mi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa ti ẹnì kan mọ́lé, ẹ wá tì mí."

Mo nàgà sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣẹ́jú sí Tímótì. Ó ti fi fóònù sétí kí n tó sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ níta tó ń sọ fún wọn ní tésàn kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ kíákíá, pé ẹni tó ni nǹkan ló gbé nǹkan rẹ̀, pé òun á ṣàlàyé fún Dókítà fúnra òun. N kò tíì gbọ́ kí Tímótì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Táyé dà?" ni ìyá náà bèèrè.

Olúwaṣèyítán ti wà lẹ́yìn mi, n kò mọ ìgbà tó wọlé. "Mo wà níbí, Màámi."

"O ní wọ́n á dá a padà."

"Mo purọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì í, wọn kò sì bá a wí. Wọ́n ní, "Bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ká ìbora sẹ́yìn. Ọ̀já ìpọnmọ àtijọ́ kan ni wọ́n fi dì í, gèlè aláró sì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi yí i po dáadáa débi pé orí igi náà nìkan ló yọ, ó tẹ́jú, ó ń dán. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó ọ̀já náà. Nígbà tí kókó náà tú, tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀, ọwọ́ Olúwaṣèyítán kan sáré lọ sábẹ́ ìdí rẹ̀, èkejì gbá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Mo ti rí báwọn èèyàn ṣe ń gba ẹrù, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ.

"Rọra," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ti mú un, mà."

Ìgbà náà ni Ìyá Àríkẹ́ yí ara padà, láìsí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yìn wọn kan ibùsùn. Wọ́n mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti oko dé tó sọ igi ìdáná kalẹ̀. Wọ́n wo òrùlé, wọ́n wo ọmọ wọn àti ohun tó gbé lápá, wọ́n sì di ojú.

Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni. Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, ó tún fọwọ́ kan àyà wọn, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Tímótì ṣí fìlà. Èmi náà sunkún, n kò sì tijú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìwádìí tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, nítorí kí ìyá yìí má baà kú ni.

Olúwaṣèyítán ṣì dúró láàárín iyàrá. Ó ń wá ibi tó máa gbé igi náà sí, ó wo orí tábìlì, ó wo ilẹ̀, kò gbé e síbì kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni igi náà gòkè dé èjìká rẹ̀. Ó mú ẹ̀wù kékeré náà lórí ibùsùn, ó fi bò ó lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lù ú pẹ́pẹ́. Omi ojú ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Bọ́sẹ̀dé," ni ó pè nígbà tó pẹ́, "ṣé ẹ̀wà kù nínú ìkòkò?"

Bọ́sẹ̀dé gbé orí sókè, ó ní ó kù.

"Jọ̀ọ́, bù ú wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì jẹun."